Ìdílé àwọn ọmọ Japan nínú àgọ́ Amẹ́ríkà: ohun tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún ṣe sí bàbá, ìyá àti ọmọ

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ọmọ Japan tó ń gbé ní etíkun ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ sí àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Fọ́tò ló ń da ọ̀rọ̀ yìí rú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Ẹni tó bá wá àwòrán àgọ́ Manzanar, tó wà nínú aṣálẹ̀ ní California, á rí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù, á rí ọmọ ilé ìwé tó gbé ìwé dání tó ń rẹ́rìn-ín, á rí àgbẹ̀ tó dúró láàárín ewébẹ̀ tútù yọ̀yọ̀. Á wá máa bi ara rẹ̀ pé: ṣé ẹ̀wọ̀n wá ni èyí? Ẹlẹ́wọ̀n wo ló ń ṣe ìgbéyàwó, tó ń tẹ ìwé ìròyìn, tó ń dá ẹgbẹ́ baseball sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti fọ́tò. Ansel Adams, gbajúgbajà ayàwòrán, ló ya púpọ̀ nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín wọ̀nyẹn ní 1943 àti 1944. Àwọn aláṣẹ gbà á láàyè láti wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ya ilé ìṣọ́, kò gbọdọ̀ ya wáyà ẹlẹ́gùn-ún, kò gbọdọ̀ ya ṣọ́jà tó gbé ìbọn. Dorothea Lange ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní 1942. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló gbà á síṣẹ́, àmọ́ nígbà tí àwọn ológun rí ohun tó yà, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé àwòrán náà títí ogun fi parí. Ẹni kẹta, Toyo Miyatake, wà nínú àgọ́ yẹn pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó yọ́ lẹ́ǹsì kámẹ́rà wọlé, wọ́n bá a fi pákó kan àpótí rẹ̀, ó sì ń yàwòrán ní kọ̀rọ̀ kí àwọn aláṣẹ tó wá gbà fún un. Ẹ̀rín inú fọ́tò kì í ṣe irọ́ o. Wọ́n kàn gé ohun tó yí ẹ̀rín náà ká dànù ni.

Ta ni wọ́n kó, kí ló sì dé?

Àwọn kan rò pé ọmọ ogun Japan tí wọ́n mú lójú ogun ni wọ́n, tàbí àlejò tí ogun ká mọ́ òde. Rárá. Nǹkan bí 120,000 ènìyàn ni wọ́n kó, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nípa bíbí. Púpọ̀ nínú wọn ò dé Japan rí.

Àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Japan ni wọ́n ń pè ní Issei. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ni Nisei. Ẹ di ìyàtọ̀ yìí mú dáadáa, torí òun ló máa da ilé rú níwájú. Òfin ìgbà náà kò gbà kí Issei di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Takao Ozawa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́: ó ti lo ju ogún ọdún lọ lábẹ́ Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ló ti kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ nílé. Ní 1922, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kì í ṣe aláwọ̀ funfun, nítorí náà kò sí àyè fún un. Ní California, òfin 1913 ti sọ pé irú wọn kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ oko. Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ bàbá wá dá ni pé wọ́n ra ilẹ̀ lórúkọ ọmọ tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Báyìí ló ṣe jẹ́ pé lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, bàbá jẹ́ àjèjì, ọmọ jẹ́ onílé.

Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941 ni Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ní Hawaii. Nígbà tó di ọjọ́ 19 oṣù Kejì 1942, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu àṣẹ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9066. Bí ẹ bá ka àṣẹ náà látòkè délẹ̀, ẹ ò ní rí orúkọ ẹ̀yà kankan níbẹ̀. Ó kàn fún àwọn ológun lágbára láti lé ẹnikẹ́ni kúrò níbikíbi tí wọ́n bá pè ní àgbègbè ológun. Ọ̀gágun John DeWitt, tó ń ṣàkóso etíkun ìwọ̀ oòrùn, ló wá lò ó lé àwọn ọmọ Japan. Ẹ gbọ́ àlàyé tó ṣe fún àwọn ọ̀gá rẹ̀: ó ní bí kò ṣe tíì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó ba nǹkan jẹ́ títí di àkókò yẹn, èyí gan-an ló fi hàn pé wọ́n ṣì máa bà á jẹ́. Ta ló lè jàre irú adájọ́ bẹ́ẹ̀? Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà tú gbogbo ìwé wò, wọn ò rí ẹyọ ẹjọ́ kan pé ọmọ Japan kankan ní etíkun náà ṣe amí tàbí ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀tá.

Amẹ́ríkà ń bá Jámánì àti Ítálì náà jà. Wọ́n mú àwọn kan nínú àwọn ọmọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, wọn ò kó ìran wọn lódindi. Ní Hawaii ńkọ́, níbi tí bọ́ǹbù ti bọ́ gan-an? Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ibẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Japan. Bí wọ́n bá kó gbogbo wọn, iṣẹ́ á dúró, èbúté á dúró, oko á dúró. Wọ́n mú díẹ̀, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Ní California, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun kan ò tilẹ̀ fi bò pé àwọn fẹ́ kí àwọn ọmọ Japan kúrò lórí ilẹ̀ náà. Lójú tèmi, ẹni tó bá gbé Hawaii àti California kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò nílò ẹ̀rí púpọ̀ mọ́ pé ọ̀rọ̀ ààbò nìkan kọ́.

Ohun tí ọwọ́ lè gbé

Ní ọ̀pọ̀ ilé, bàbá ló kọ́kọ́ lọ. Láti alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ju bọ́ǹbù náà ni FBI, ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, ti ń kó àwọn aṣáájú láàárín Issei: olórí ẹgbẹ́, àlùfáà ẹlẹ́sìn Buddha, olùkọ́ èdè Japan, olóòtú ìwé ìròyìn. Wọ́n kó wọn lọ sí àhámọ́ mìíràn ní Montana, North Dakota àti New Mexico, ìdílé àwọn mìíràn ò sì mọ ibi tí wọ́n wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àṣẹ kíkó-gbogbo-ilé dé, ìyá nìkan ló wà nílẹ̀ láti ta ẹrù, láti ti ilẹ̀kùn, láti kó ọmọ.

Bainbridge Island, lẹ́bàá Seattle, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ òpó, ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fún wọn, àwọn ènìyàn 227 sì wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 1942. Oko èso strawberry ni púpọ̀ nínú wọn ń dá. Bí ìwé náà ṣe ń dé ìlú kọ̀ọ̀kan ni àwọn olùrà ń ya lé wọn lórí: firíìjì, ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ̀ akẹ́rù, píánò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀, torí olùrà mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ. Ẹrù tí ọwọ́ lè gbé nìkan ni wọ́n gbà wọ́n láàyè láti mú. Ìdílé kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà, wọ́n kọ ọ́ sórí páálí kékeré, wọ́n so ó mọ́ àpótí, wọ́n so ó mọ́ kóòtù àgbà àti ọmọ ọwọ́ bákan náà.

Norman Mineta, tó padà di ọmọ ilé aṣòfin àti mínísítà, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n kó ilé wọn ní San José. Ó wọ aṣọ Cub Scout rẹ̀, ó mú ìbọ̀wọ́ àti igi baseball rẹ̀ dání lọ wọ rélùwéè. Ṣọ́jà gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ohun ìjà ni.

Kí àgọ́ gidi tó parí, wọ́n kọ́kọ́ kó wọn sí ibùdó onígbà díẹ̀, pápá eré ìje ẹṣin sì ni méjì nínú àwọn tó tóbi jù, Santa Anita àti Tanforan. Ọ̀pọ̀ ìdílé sùn nínú ilé ẹṣin gan-an. Wọ́n ti fi ẹfun kun ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n orí irun àti ìgbẹ́ ẹṣin tó ti gan mọ́ pákó ni wọ́n kùn ún lé, bí oòrùn bá sì ti mú, òórùn náà á jáde padà. Wọ́n fún wọn ní àpò òfìfo pé kí wọ́n lọ fi koríko gbígbẹ kún un, bẹ́ẹ̀dì wọn nìyẹn.

Yàrá kan, gílóòbù kan

Àgọ́ mẹ́wàá ni ìjọba kọ́ fún wọn: méjì ní California, méjì ní Arizona, méjì ní Arkansas, àti ọ̀kọ̀ọ̀kan ní Wyoming, Idaho, Utah àti Colorado. Ibi tí kò wu ẹlòmíràn ni wọ́n fi wọ́n sí. Erùpẹ̀ aṣálẹ̀ ń fẹ́ wọ ojú wọn ní Manzanar àti ní Topaz ní Utah, òtútù Heart Mountain ní Wyoming ń fẹ́ pa ẹni tó ti gbé gbogbo ayé rẹ̀ ní California tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ẹrẹ̀ àti ẹ̀fọn sì ni ti Arkansas.

Ilé wọn jẹ́ bárékè ológun, pákó tí wọ́n fi bébà ọlọ́dà bò, gígùn rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà, fífẹ̀ rẹ̀ ogún. Wọ́n pín in sí yàrá mẹ́rin sí mẹ́fà, ìdílé kan sí yàrá kan. Ohun tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì ológun, sítóòfù kan àti gílóòbù kan tó rọ̀ láti òkè. Pákó ti gbẹ, ó ti yẹ̀ra, ibi tó yẹ̀ ni erùpẹ̀ ń gbà wọlé lóru. Ògiri tó pín yàrá sí yàrá kò dé òrùlé, nítorí náà bí lọ́kọláya bá ń jà ní òpin kan bárékè, àwọn tó wà ní òpin kejì á gbọ́. Bàbá, ìyá, ọmọbìnrin tó ti bàlágà, ìyá àgbà, gbogbo wọn ń pààrọ̀ aṣọ níbẹ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ta sáàárín ni wọ́n fi ń bo ara wọn lójú.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló burú jù fún àwọn obìnrin. Gbọ̀ngán kan ni, àwokòtò ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìlà, ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, kò sí ohun tó pín wọn. Ìyá Issei tí ọkọ rẹ̀ gan-an kì í rí ìhòòhò rẹ̀ ní ọ̀sán, ẹ ronú ohun tí èyí jẹ́ fún un. Àwọn kan ń gbé páálí ńlá dání láti fi yí ara wọn ká. Àwọn mìíràn ń dúró di òru, nígbà tí wọ́n bá débẹ̀ wọ́n á bá àwọn tó ti ní irú èrò kan náà, iná tó ń tàn láti ilé ìṣọ́ á sì máa tẹ̀lé wọn lọ, á tún máa tẹ̀lé wọn bọ̀.

Wọn ò káwọ́ gbera ṣá o. Wọ́n ṣa pákó tí àwọn kọ́lékọ́lé dànù, wọ́n fi kan àga, tábìlì àti pẹpẹ. Àwọn tó ti ń fi ọgbà òdòdó ṣiṣẹ́ jẹ ní Los Angeles gbẹ́ odò kékeré sílẹ̀ ní Manzanar, wọ́n to òkúta sí i, wọ́n gbin igi yí i ká. Ní Tule Lake (àgọ́ kejì ní California) àti Topaz, tí ilẹ̀ wọn jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún tó ti gbẹ láti ayébáyé, àwọn ìyá àti ìyá àgbà ń gbẹ́ ilẹ̀ wá ìkarahun kéékèèké, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kùn ún, wọ́n á fi lẹ òdòdó tí wọ́n ń fi há aṣọ. Bí wọ́n ṣe ń bímọ níbẹ̀ (nǹkan bí 6,000 ọmọ) ni wọ́n ń sìnkú níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ kó ọmọ aláìlóbìí wá: ọmọ 101 ló gba inú Children's Village ní Manzanar kọjá, àwọn kan lára wọn jẹ́ adàlù ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yọ kúrò ní ilé tí àwọn aláwọ̀ funfun ti ń tọ́ wọn. Àwọn olóyè ìjọba kan máa ń sọ pé nítorí ààbò wọn ni wọ́n fi kó wọn. Ìbọn ilé ìṣọ́ kọjú sí inú. Ní Topaz, ní oṣù Kẹrin 1943, ṣọ́jà kan yìnbọn pa bàbá arúgbó ẹni ọdún 63 kan, James Wakasa, lẹ́bàá wáyà.

Tábìlì oúnjẹ

Bí ẹ bá bi àwọn tó dàgbà nínú àgọ́ pé kí ló tú ilé wọn ká, ọ̀pọ̀ kì í kọ́kọ́ dárúkọ ìbọn. Oúnjẹ ni wọ́n ń dárúkọ.

Kò sí ilé ìdáná nínú yàrá. Bárékè bíi mẹ́rìnlá ló para pọ̀ di àdúgbò kan, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní gbọ̀ngán ìjẹun kan, agogo á dún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn á tò pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ní oṣù àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n ń fún wọn jẹ́ kàyéfì: ẹran àgùntàn tó ń rùn, sọ́sééjì inú agolo, ìrẹsì tí wọ́n da èso olómi ṣúgà lé lórí, ohun tí ọmọ Japan kankan kò ní fi ìrẹsì jẹ. Wọ́n ṣàtúnṣe ìyẹn. Àwọn fúnra wọn bọ́ sí ìdí ìkòkò, wọ́n dáko, wọ́n ń ṣe tofu àti ọbẹ̀ ìlú wọn. Ohun tí kò ṣeé tún ṣe ni ibi tí ọmọ jókòó sí.

Nílé, bàbá á jókòó, àwọn ọmọ á jókòó tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ẹni tó ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìbáwí àti ìtàn ìdílé. Nínú àgọ́, láàárín oṣù díẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ti ń bá ẹgbẹ́ wọn jẹun, àwọn ọmọbìnrin ń bá ẹgbẹ́ wọn, àwọn ewèlè kan á tilẹ̀ sáré láti gbọ̀ngán kan sí òmíràn láti mọ ibi tí oúnjẹ ti dùn. Ìyá ń jẹun pẹ̀lú èyí tó kéré jù, bàbá wà pẹ̀lú àwọn àgbà ọkùnrin. Ta ni bàbá máa bá wí? Kì í ṣe òun ló ra oúnjẹ náà. Kì í ṣe òun ló kọ́lé. Bí ọmọ bá ṣe àìgbọ́ràn, kí ló máa fi dù ú?

Owó iṣẹ́ tún wá bù kún un. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba ti fàlà sí ohun tí wọ́n lè gbà: dọ́là 12, 16 tàbí 19 lóṣù. Dókítà gba 19. Nọ́ọ̀sì aláwọ̀ funfun tó wà ní ọ́síbítù kan náà ń gba ìlọ́po mélòó kan rẹ̀. Bàbá tó ti ní oko àti lébìrà, tó wá ń fọ àwo ní gbọ̀ngán ìjẹun, lè gba 16 kí ọmọbìnrin rẹ̀ ọdún méjìdínlógún tó ń tẹ̀ taipuráítà ní ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ náà gba 16. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ọ́fíìsì, ọmọ ló gbọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ tún ṣe òfin pé Nisei nìkan ni wọ́n lè dìbò yàn sípò nínú ìgbìmọ̀ àgọ́. Ẹ wò ó: ọmọ ogún ọdún wà ní ìpàdé tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú, àwọn bàbá tó tó bàbá rẹ̀ bí jókòó síta.

Fún ìyá, ọ̀rọ̀ náà lójú méjì, èyí kì í sì í hàn nínú ọ̀pọ̀ ìtàn. Obìnrin Issei tó ti lo ogún ọdún láti máa jí ní kùtùkùtù lọ sóko, kó tún wá dáná, kó fọṣọ, rí i lójijì pé ẹlòmíràn ń se oúnjẹ. Àwọn kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń to òdòdó, àwọn kan kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní ọ̀rẹ́. Àwọn kan sọ ọ́ lẹ́yìn ogun pé ìgbà yẹn ni ara àwọn kọ́kọ́ sinmi. Kò sọ àgọ́ di ohun rere. Ó kàn jẹ́ kí ẹ mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí náà ló fa ikú ní Manzanar. Ní oṣù Kejìlá 1942, wọ́n mú Harry Ueno, tó ń ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngán ìjẹun, tó sì ti ń pariwo pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń jí ṣúgà àti ẹran tó tọ́ sí àwọn ará àgọ́. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó wà lára àwọn tó lu ọkùnrin kan tí àwọn ènìyàn pè ní amí ìjọba. Èrò ya, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, àwọn ṣọ́jà ju gáàsì, wọ́n yìnbọn. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ló kú.

Ìbéèrè 27 àti 28

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú mọ́ àwọn tó ń kà nípa rẹ̀ lójú jù, torí náà ẹ jẹ́ ká rìn ín díẹ̀díẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1943, ìjọba fẹ́ nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n fẹ́ ṣọ́jà láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin Nisei, wọ́n sì fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n lè jẹ́ kó jáde lọ ṣiṣẹ́ níta. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 17. Ìbéèrè 27 bi àwọn ọkùnrin bóyá wọ́n ṣe tán láti jagun fún Amẹ́ríkà níbikíbi tí wọ́n bá rán wọn lọ. Ti obìnrin bi í bóyá ó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ológun tàbí ẹgbẹ́ ológun obìnrin, ìyá àgbà náà sì gba fọ́ọ̀mù yìí. Ìbéèrè 28 ní kí wọ́n búra pé Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń ṣe olóòótọ́ sí, kí wọ́n sì kọ ìtẹríba fún ọba Japan sílẹ̀.

Fún Issei, ìbéèrè 28 jẹ́ pàkúté. Amẹ́ríkà kò gbà á ní ọmọ. Bó bá tún kọ Japan sílẹ̀, kò ní orílẹ̀-èdè kankan láyé mọ́. Àwọn aláṣẹ padà rí i, wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà fún Issei, pé ṣé wọ́n á pa òfin Amẹ́ríkà mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ba àwọn ènìyàn. Fún Nisei, ó dà bí ìgbà tí wọ́n bi ènìyàn pé, "Ṣé o ti jáwọ́ nínú olè jíjà?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jẹ́wọ́ pé olè lòun tẹ́lẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀ràn dé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá kan, gílóòbù kan yẹn nìyí. Bàbá ní, "Wọ́n ti gba oko wa, wọ́n ń wá ọmọ wa báyìí." Ó fẹ́ kí gbogbo ilé kọ bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wọ́n má bàa ya wọ́n nípa. Ọmọ àgbà ní bí òun ò bá jagun, ta ló máa gbà láé pé Amẹ́ríkà ni wá? Ìyá ń sunkún, torí bí ọ̀kan bá lọ sójú ogun tí ìyókù lọ sí Japan, òun á pàdánù apá kan. Irú àríyànjiyàn yìí wáyé láti bárékè dé bárékè, ògiri tí kò dé òrùlé kò sì bo àṣírí ẹnikẹ́ni. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí méjèèjì kò kórìíra Amẹ́ríkà. Àwọn kan ń gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu, inú ń bí àwọn kan nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí wọn, àwọn kan sì ń wí pé kí ìjọba kọ́kọ́ dá ẹ̀tọ́ wa padà ná.

Ìjọba kò wo ìdí. Àwọn tó kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n pè ní aláìṣòótọ́, wọ́n sì kó wọn lọ sí Tule Lake, tí wọ́n fi ọgbà àti ṣọ́jà kún, títí ó fi di àgọ́ tó tóbi jù, tí ènìyàn inú rẹ̀ ju 18,000 lọ. Ibẹ̀ ni ohun tó burú jù sí ìdílé ti ṣẹlẹ̀. Ní 1944, ilé aṣòfin ṣe òfin tó gba ọmọ orílẹ̀-èdè láyè láti kọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lákòókò ogun. Ìròyìn ń jà pé wọ́n máa lé àwọn òbí lọ sí Japan. Ọmọ tí kò fẹ́ kí wọ́n ya òun kúrò lára bàbá àti ìyá rẹ̀ buwọ́ lùwé. Ó ju 5,000 Nisei tó ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi kábàámọ̀. Agbẹjọ́rò kan ní San Francisco, Wayne Collins, ló gbé ẹjọ́ wọn rù. Ó lo ju ogún ọdún lọ lórí rẹ̀, ó sì gba ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn padà fún wọn.

Àwọn kan nínú àwọn tó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun 442, pẹ̀lú àwọn ọmọ Hawaii. Wọ́n jà ní Ítálì àti Faransé, wọ́n sì wà lára àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ jù nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Lẹ́tà pé ọmọ ti kú lójú ogun ń bá àwọn ìyá kan nínú bárékè, lẹ́yìn wáyà. Ní Heart Mountain, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi tipá mú wọn wọṣẹ́ ológun ní 1944, ọ̀dọ́kùnrin 63 ní àwọn ò ní lọ àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ tú àwọn àti òbí àwọn sílẹ̀. Adájọ́ jù wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ààrẹ Truman dárí jì wọ́n ní 1947, ṣùgbọ́n ìjà láàárín àwọn tó jagun àti àwọn tó kọ̀ ọ́ kò tán nínú ìdílé mìíràn títí wọ́n fi darúgbó.

Jáde, ṣùgbọ́n lọ sí ibo?

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1944, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ẹjọ́ méjì lọ́jọ́ kan. Nínú ti Fred Korematsu, tó ti kọ̀ láti kúrò nílé, wọ́n ní ìjọba jàre. Nínú ti Mitsuye Endo, wọ́n ní ìjọba kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọmọ orílẹ̀-èdè tó jẹ́ olóòótọ́ dúró nínú àgọ́. Ti Endo yìí ló ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n fún wọn ní dọ́là 25 àti tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń jáde tẹ́lẹ̀ lọ sí Chicago àti àwọn ìlú mìíràn. Àwọn àgbà ni kò fẹ́ kúrò. Ilé ti di ti ẹlòmíràn, oko ti lọ, ẹni ọgọ́ta ọdún kò lágbára láti bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Tule Lake ló kẹ́yìn, wọ́n tì í ní oṣù Kẹta 1946. Ọ̀pọ̀ òbí kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ wọn rárá. "Nígbà tí a wà ní camp," wọ́n á ní, àwọn ọmọ á rò pé ibi ìsinmi ni.

Ní 1988, Ààrẹ Reagan buwọ́ lu òfin ìtọrọ àforíjì, pẹ̀lú 20,000 dọ́là fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó ṣì wà láàyè. Mineta wà lára àwọn tó gbé òfin náà kalẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Alan Simpson tó tì í lẹ́yìn jẹ́ ọmọ ìlú Cody ní Wyoming. Àwọn ọmọ Boy Scout ìlú náà ti lọ kí àwọn ẹgbẹ́ wọn nínú àgọ́ Heart Mountain nígbà ogun, ibẹ̀ ni òun àti Mineta ti di ọ̀rẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 1990, nígbà tí wọ́n pín sọ̀wédowó àkọ́kọ́, àwọn tó dàgbà jù ni wọ́n pè, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún 107. Púpọ̀ nínú Issei, àwọn tó pàdánù oko àti ilé gan-an, ti kú.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wọ́n ti san gbogbo gbèsè náà, ẹ bi í nípa Peru. Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 2,200 ọmọ Japan wá láti Látìn Amẹ́ríkà, Peru ni púpọ̀ jù nínú wọn ti wá, wọ́n gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, wọ́n tún wá sọ pé wọ́n wọ Amẹ́ríkà láìgbàṣẹ. Crystal City ní Texas ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé wọn sí, kí wọ́n lè fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ fún àwọn Amẹ́ríkà tó wà lọ́wọ́ Japan. Òfin 1988 kò kà wọ́n mọ́ ọn. Ní 1998, wọ́n fi 5,000 dọ́là lọ̀ wọ́n. Art Shibayama, ẹni ọdún 13 nígbà tí wọ́n kó òun àti ìdílé rẹ̀ wá, kọ owó náà. Ìjọba kan náà tó pè é ní ẹni tó wọlé láìgbàṣẹ ti mú un wọṣẹ́ ológun ní 1952. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ méjì. Ní 2020, ìgbìmọ̀ náà ní ìjọba Amẹ́ríkà jẹ̀bi, kí wọ́n san owó ìtanràn fún wọn. Shibayama ti kú ní 2018.